Owó Ni Yóò Ṣáájú, Tàbí Ẹ̀mí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Lóde òní, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nítorí ọrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá ìlera. Ìbéèrè tí ó wá yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: ohun èlò tí a fi owó rà lọ́jà, ṣùgbọ́n tí ó ń gba ẹ̀mí là, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ sí i?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní baálé ilé kan ní Amechi, ní ìlú Enugu, ṣàdédé ṣubú lówùúrọ̀, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ṣe é gbé mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ọpọlọ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé iṣan náà ni ó bẹ́. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Ẹ̀rọ CT, tí ń ya àwòrán inú orí ní ègé-ègé, ni yóò fi òtítọ́ hàn. Láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni ó sì yẹ kí a lo oògùn náà. Ṣùgbọ́n káàkiri Nàìjíríà, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n sọ fún ẹbí aláìsàn pé kí wọ́n lọ sanwó ná.

Àwọn kan yóò ní ìkà ni ẹni tí ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí, ṣùgbọ́n kò pé. Òṣìṣẹ́ EMI, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àwo orin, ni Godfrey Hounsfield nígbà tí ó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ orí aláìsàn wò ní London. Ní 1979, òun àti Allan Cormack jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Lónìí, Siemens ti Jámánì, GE ti Amẹ́ríkà, Philips ti Netherlands àti Canon ti Japan ń bá ara wọn díje lórí rẹ̀. Túùbù inú ẹ̀rọ náà a máa gbó, owó ńlá ni a sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ yóò dákẹ́, aláìsàn ọ̀la ni yóò sì jìyà.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹni tí kò lówó kò ní ẹ̀tọ́. Èyí burú ju ti ìṣáájú lọ. EMI nìkan kọ́ ni ó náwó. Ìjọba Britain fi owó ìlú ràn án lọ́wọ́, àwọn aláìsàn sì fi ara wọn sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ gbé kalẹ̀, kò yẹ kí ọwọ́ kan dá a dì mú. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, tí a ṣe ní 2014, pàápàá sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù tí ìbáà fà á.

Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni iye owó, ọ̀tọ̀ ni àsìkò tí a ó gbà á. Oníṣòwò lè díye lé ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ó lè díye lé wákàtí tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ. Nígbà tí ikú bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìtọ́jú ni yóò ṣáájú, owó yóò tẹ̀ lé e.

Ta ni yóò wá san owó náà bí aláìsàn kò bá ní in? Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Òfin 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà: kí ẹni tí ara rẹ̀ le dá owó lónìí fún ẹni tí yóò ṣubú lọ́la. Èsúsú ni, àfi pé ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà kí ó kan òun láti kó o. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kì í sanwó. Ẹni tí ó kọ̀ láti dá tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ó má ṣe pe oníṣòwò ẹ̀rọ nìkan ní ìkà. Òun náà wà lára àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ baálé ilé Amechi.