Orúkọ Kétu: Ta Ló Ni Ín?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ìlú bá ti kọjá ilé kan, ilé ta ni a ó wò? Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní Adakplamè. Ìwé ìbí ọmọ lè sọ pé commune Kétou ni wọ́n bí i sí, kí ó sì jẹ́ pé èdè Fọ̀n ni ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bi wá léèrè bóyá ọmọ Kétu ni òun náà, èsì wo ni kí a fún un?

Ohun mẹ́ta ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí. Èkíní ni ìjọba Alákétu, tí ìtàn sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Èkejì ni commune, tí agbára rẹ̀ ti inú òfin ọdún 1999 wá, tí àwọn ará ìlú sì kọ́kọ́ dìbò fún ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní ìparí ọdún 2002. Adakplamè jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ̀kẹta ni ìtàn fúnra rẹ̀, tí kò sí ní ìkáwọ́ ọba tàbí ti ìgbìmọ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ìbéèrè kan ni orúkọ náà ti jáde: ta ló lè tú iké, ta ló lè tú ìlú? Ní 1886, ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, tú ìlú, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà, Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí òdìkejì. Síbẹ̀ orúkọ kò tú. Àwọn tí ó kù padà wá lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Ní Bahia, lókè òkun, àwọn olórìṣà kan ṣì ń pe ìlànà ìsìn wọn ní Ketu.

Àwọn kan sọ pé àwọn tí ìyà 1886 jẹ baba wọn ló ni orúkọ. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo, nítorí a kì í jẹ́ orúkọ kí a gbàgbé ibojì. Àwọn mìíràn sọ pé ẹni tí òfin bá kà mọ́ ìlú ló ni ín. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà kò fúyẹ́: ẹni tí ń san owó ọjà ní ẹ̀tọ́ sí kànga àti ilé ẹ̀kọ́, ìran yòówù kí ó ti wá. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ti ẹ̀jẹ̀ nìkan, a ó bi ọmọ ọdún méjìlá léèrè ogun tí kò rán. Bí a bá sì gba ti òfin nìkan, a ó sọ Kétu di ọmọ àná tí kò ní baba.

Lójú tiwa, orúkọ kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnì kan ń bọdè fún. Ẹrù ni, ẹni tí ó bá rù ú ló ń jẹ́ ẹ. Lọ́wọ́ ààfin ni commune ti yá orúkọ yìí, ó sì yẹ kí ó tọ́jú ohun tí ó yá. Ààfin pẹ̀lú ní láti gbà pé orúkọ náà ti bo àwọn tí kò fi ìgbà kan jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀ rí. Àwa olùkọ́ sì gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ 1886 láìfi bò, kí a má sì fi í tàbùkù ọmọ kankan.

Nítorí náà, èsì wa fún ọmọ náà ni pé: bẹ́ẹ̀ ni, bí o bá gbà láti mọ ohun tí orúkọ yìí ti rí. Ohun kan náà ni a ó sì wí fún ọmọ ọba tí ó jókòó tì í lórí àga kan náà.