Táyéwò Ni Ọ́, Àbí Kẹ́hìndé?

Bí ẹ bá dé Igbó-Ọrà, nílẹ̀ Ìbàràpá, ìbejì ni ẹ ó máa pàdé kiri. Àwọn àgbà ní Táyéwò ló sáré jáde wá tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fara balẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi gbọ́ èsì. Àbí ẹ ò rí i? Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ìrònú pín ènìyàn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Ned Herrmann, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ní General Electric ní Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè tirẹ̀ kalẹ̀. Bí o bá dáhùn tán, wàá mọ èyí tó wù ọ́ jù nínú ọ̀nà ìrònú mẹ́rin: àyẹ̀wò àti ìṣirò, ètò, ọ̀rọ̀ ènìyàn, tàbí ìdáwọ́lé ohun tuntun.

Mi ò bá a jà. Ẹni tó rí i pé òun ò fẹ́ràn ètò lè jókòó ti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, kó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wu ni yàtọ̀ sí ohun tí a lè ṣe! Bí olùkọ́ bá torí ìwé yìí ní kí ọmọ yín fi ìṣirò sílẹ̀, ṣé ẹ ó gbà? Àwọn kan tilẹ̀ ní kí wọ́n máa kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan bí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ bá ṣe wí. Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta yẹ ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò. Wọn ò rí ẹ̀rí tó tó láti gbé e wọ ilé-ìwé.

Kẹ́hìndé tó ń kánjú ju Táyéwò lọ kò ṣọ̀wọ́n. A ò gbọ́ rí pé wọ́n torí ìyẹn gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀.