Orí Tí Wọ́n Fi Ń Lé Ẹyẹ

Bí ọyẹ́ bá dé sí Jos, èémí ọmọdé á máa rú lẹ́nu rẹ̀ bí èéfín. Orí òkè ni ìlú wa wà, ó fi ohun tó lé ní mítà 1,200 ga ju òkun lọ. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá mi á wọ súwẹ́tà méjì fún ọmọkùnrin mi ọlọ́dún márùn-ún, wọ́n á gbé e jókòó nítòsí iná, àwọn méjèèjì á wá máa ṣa ẹ̀wà.

"Ọkọ mi, wo èyí tí kòkòrò ti jẹ."

"Màmá, kòkòrò náà wá dà?"

Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkòrò nínú atẹ. Ẹ̀wà kóńgò kan lè gbà wọ́n ní wákàtí kan. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n gba atẹ náà kí n yára parí ẹ̀, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún mi láti ṣà á tán. Mo dúpẹ́ pé mi ò gbà á rí.

Láàárín wa, bí wọ́n bá ní ìyá àgbà ló tọ́ ọmọ kan, ọ̀rọ̀ náà kì í dára létí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àkẹ́bàjẹ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí bá sì dé, ọmọ náà la máa ń gbé sórí òṣùwọ̀n: ṣé ó kí ni? Ṣé ó dọ̀bálẹ̀, àbí ó dúró gbagidi? Lójú tèmi, àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n yẹn. A máa ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àmọ́ a kì í béèrè ẹni tó jókòó nílé tó ń wọ ẹ̀ṣọ́ náà fún ọmọ.

Ohun tó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nígbà ìsinmi Ajínde, ọjọ́ tí bàbá mi mú àwọn ọmọ lọ sí Mùsíọ́mù Jos, èyí tí Bernard Fagg dá sílẹ̀ ní 1952. Àwọn ọmọ ti sáré yí ká àfarawé odi Kano àti ti mọ́ṣáláṣí Zaria tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà náà, ó ti rẹ̀ wọ́n, ni bàbá mi bá jókòó, wọ́n ń sọ ìtàn orí Jemaa fún wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1943, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà nítòsí Jemaa, wọ́n hú orí kan tí a fi amọ̀ mọ jáde. Akọ̀wé kan níbi iṣẹ́ náà gbé e lọ, ó gbé e kọ́ igi nínú oko iṣu rẹ̀ kó máa lé ẹyẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó dọ́wọ́ Fagg, ẹni tó rí i pé ó jọ èyí tí wọ́n ti hú ní abúlé Nok ní 1928. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó gbé ayé ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn ni.

Ọmọ mi obìnrin, ọlọ́dún méje, béèrè pé: "Bàbá àgbà, ṣé ó máa ń bá àwọn ẹyẹ sọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá o. Ó kàn dúró ni."

Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Mélòó nínú àwọn àgbà wa ni a ti gbé kọ́ igi bẹ́ẹ̀? Wọ́n wà nílé kí ewu má bàa wu ọmọ. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń wò ó, àgbà ń tòògbé. Èmi náà sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ já sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi bí ẹni gbé ẹrù pamọ́. Bí mo bá padà dé lálẹ́, "Ṣé wọ́n jẹun?" nìkan ni mo máa ń béèrè. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n jọ sọ rí. Ìwà àfojúdi ni mo hù sí ìyá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń wà bí mo bá ń béèrè.

Bàbá mi kò rí ẹni kọ́ jíjókòó ti ọmọ yìí lára rẹ̀. Kùsà ló fa ọ̀pọ̀ Yorùbá wá sí Jos, ojú irin tó gba Kafanchan dé ibí ní 1927 sì tún mú ọ̀nà rọrùn fún oníṣòwò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, àmọ́ bàbá àgbà bàbá mi kò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni bàbá mi ń rí wọn, nígbà Kérésìmesì: bàbá mi á dọ̀bálẹ̀, bàbá àgbà náà á gbàdúrà fún wọn, ó parí. Àgbà tí kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà ní kékeré, tó wá ń fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lónìí, mo kí i.

Ní ti èdè, Hausa ló yá àwọn ọmọ mi lẹ́nu jù. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ kosai, ìyá mi á ní, "Àkàrà ń bọ̀," wọ́n á sì bù ú fún wọn. Wọn kì í dójú ti ọmọ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Bí àgbà kan bá wọlé, àwọn fúnra wọn ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, ọmọ á wò wọ́n, á sì ṣe tirẹ̀. Ó ń bí mi nínú bí mo bá rí àgbà tó jókòó pa, tó ń pariwo mọ́ ọmọ lójú àlejò pé kò ní ẹ̀kọ́.

Àmọ́ ìgbà tí òṣùwọ̀n ń wúwo jù lọ ní Jos ni ìgbà tí ọmọ bá béèrè nípa ìjà Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, 7 Oṣù Kẹsàn-án, 2001, ló bẹ̀rẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2008 àti 2010. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó kúrò láàárín Kristẹni, ọ̀pọ̀ Kristẹni náà kó kúrò láàárín Mùsùlùmí. Nídìí iná ẹ̀wà, níbi tí ara ti tu ọmọ, àgbà lè gbin ìkórìíra sí i lọ́kàn láìpariwo. Mo ti gbọ́ ọ nínú ilé àwọn ènìyàn, ó sì ń bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ.

Aládùúgbò ìyá mi tẹ́lẹ̀, ìyá Hausa kan tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, wà lára àwọn tó kó lọ. Lóṣooṣù, ìyá mi máa ń wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ kí wọn. Lóṣù tó kọjá, a jọ lọ ni, ọmọkùnrin mi jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ṣé àwa la lé wọn ni?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ìyá mi fọwọ́ tẹ̀ mí lórúnkún.

"Àwọn kan nínú wa lé àwọn kan nínú wọn, ọkọ mi. Àwọn kan nínú wọn náà sì lé àwọn kan nínú wa. Kò dáa. Èmi àti ìyá yìí kò lé ara wa."

"Ṣé wọ́n máa ń ṣa ẹ̀wà?"

"Bóyá. Tí a bá débẹ̀, o ò ṣe bi wọ́n?"

Ìyá náà ti jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, kunu wà nínú jọ́ọ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ọmọ mi ti sáré débẹ̀, ó ti na gbalaja sílẹ̀ níwájú wọn, àyà rẹ̀ kan erùpẹ̀.

"Ina wuni, Kaka."