Ọ̀kẹ́ Méje Ó Lé Ẹgbàajì



Àwọn aládùúgbò wa, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ń kọ́ni pé ọ̀kẹ́ méje ó lé ẹgbàajì (144,000) péré ni yóò lọ sí ọ̀run, tí àwọn olódodo yòókù yóò sì máa gbé inú ayé. Láti inú Ìwé Ìfihàn, orí keje, ni iye náà ti wá. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn nínú wa gbọ́ iye yìí, ẹ̀rù sì bà á: bí ó bá ti pé ńkọ́? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Àwọn kan ń gbé e dé orí ibùsùn àìsàn.

Ẹ jẹ́ kí a kà á bí àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Àpò méje, àti ẹgbàá méjì lé e: aláàárù mẹ́jọ lè rù ú láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé etí omi.

Wàyí o, ẹ wo inú rẹ̀. Méjìlá lọ́nà méjìlá jẹ́ mẹ́rìnlélógóje. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún sọ ọ́ di púpọ̀, iye náà pé. Méjìlá ni ẹ̀yà Ísírẹ́lì, méjìlá ni àwọn Àpọ́sítélì. Bí ẹ bá tú u dé ìdí, èjì, ẹ̀ta àti àrùn-ún nìkan ni ẹ óò bá níbẹ̀. Iye 96 ni ó lè pín in láìṣẹ́kù. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gba ẹgbàafà (12,000) géérégé. Ẹ fi ẹnìkan ṣoṣo kún un, ìpín náà kò dọ́gba mọ́. Ta ni ó ka obì rí, ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí níbikíbi, tí ó bá a tí ó dọ́gba tó báyìí? Ohun tí a fi ojú kà máa ń ṣẹ́ kù. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé orúkọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ni iye yìí, kì í ṣe òdiwọ̀n àyè.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Jòhánù Mímọ́ kò ka ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ iye náà ni. Nígbà tí ó wá gbójú sókè, ogunlọ́gọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà ni ó rí, láti inú gbogbo orílẹ̀-èdè. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ: àwọn àgbà wa ti mọ èyí kí Bíbélì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Dáfídì Ọba ka àwọn ènìyàn Ọlọ́run bí ẹni ń ka ẹran ọ̀sìn tirẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn lé èyí. Wọ́n bi Olúwa wa gan-an bóyá díẹ̀ ni àwọn tí a óò gbà là. Kò dárúkọ iye kankan. Ó ní kí wọ́n làkàkà láti gba ẹnu ọ̀nà tóóró wọlé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, Àjọ̀dún Àwọn Ẹni Mímọ́ Gbogbo, ẹ tẹ́tí sí ẹ̀kọ́ kìíní nínú Mísà. Ìjọ fo orúkọ àwọn ẹ̀yà méjìlá náà kọjá. Bí òǹkàwé bá ti ka iye náà tán, orí ogunlọ́gọ̀ tí a kò lè kà ni yóò bọ́ sí tààrà.