Ta Ló Ní Ìpín Nínú Àbùùbùtán?

Àbùùbùtán ni àwa Yorùbá ń pe ẹran omi ńlá tó ju gbogbo ẹran omi lọ. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní kíláàsì mofọ́lọ́jì: ohun tí a bù, tí a tún bù, tí kò tán. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò wo gígùn rẹ̀, kò wo agbára rẹ̀. Ìpín ló wò. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ìpín yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò, àmọ́ kì í ṣe nílẹ̀ wa níbí. Abúlé kan wà ní Indonéṣíà tí wọ́n ti ń bu àbùùbùtán ní tòótọ́. Ibẹ̀ ni mo ń mú yín lọ.

Lamalera lorúkọ rẹ̀. Ó wà ní gúúsù erékùṣù Lembata, létí Òkun Sawu, ó sì jìnnà réré sí Jakarta. Òkúta ló pọ̀ nílẹ̀ ibẹ̀, oko kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é dá. Òkun loko wọn. Oṣù Karùn-ún ni àsìkò ìpẹja ńlá ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà lọ̀pọ̀ wọn, nítorí náà àlùfáà á kọ́kọ́ ṣe máàsì létí òkun, á súre fún àwọn ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá ti rí àbùùbùtán lókèèrè, á figbe ta, "Baleo!" Àwọn yòókù á gbè é, ni àwọn ọkùnrin á bá sáré wọ́ ọkọ̀ sómi. Igi ni wọ́n fi ń kan téna, ọkọ̀ wọn àtijọ́, wọn kì í fi ìṣó kan án. Lamafa, ìyẹn ẹni tó máa gún ẹran náà, á dúró sórí iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ọparun tó ní irin lẹ́nu. Tó bá tó àkókò, á fò kúrò nínú ọkọ̀, á fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ti irin náà wọlé. Ẹran tó lè gùn ju ọkọ̀ wọn lọ ni o! Ó lè fi ìrù fọ́ ọkọ̀, ó lè wọ́ ọ lọ sí agbami. Àwọn kan ti lọ tí wọn ò bọ̀.

Tí ẹran bá wá délẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹni tó gún un ló ni ín? Rárá o. Gbogbo ibi lára àbùùbùtán ló ní ẹni tó ni ín kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Lamafa ní tirẹ̀, àwọn atukọ̀ ní tiwọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ọkọ̀ ní tirẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó rọ irin náà ní ìpín, ẹni tó ran ìgbòkun náà ní ìpín. Ìdílé tó ni ilẹ̀ kí àwọn apẹja tó dé tún ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè má fẹsẹ̀ kan omi lọ́jọ́ náà. Láti ọwọ́ ẹbí dé ọwọ́ ẹbí ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ opó àti ọmọ òrukàn. Àwọn obìnrin á sá ẹran náà gbẹ, wọ́n á rù ú lọ sọ́dọ̀ àwọn ará orí òkè, wọ́n á fi ṣe pàṣípààrọ̀ àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjà Wulandoni tó wà nítòsí wọn, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ná an, wọ́n sì ń fi ọjà gba ọjà níbẹ̀ láìsí owó.

Ohun tó wọ̀ mí lára níbẹ̀ ni pé ìpín kì í ṣe sàárà. Ẹni tó ń ṣe sàárà lè ṣe é lónìí kó má ṣe é lọ́la. Ìpín ti wà kí ẹran tó kú.

Nísinsìnyí, ayé ti wọ abúlé náà. Ẹ́ńjìnnì ti ń bá ìgbòkun ṣiṣẹ́. Láti 1999 ni òfin Indonéṣíà ti ka àbùùbùtán mọ́ àwọn ẹran tó ń dáàbò bò. Nígbà tí ìjọba fẹ́ sọ Òkun Sawu di ibi ààbò fún ẹran omi ní 2009, àwọn ará Lamalera fárí gá. Wọ́n ní, kí la ó máa jẹ? Èmi ò ní bú ẹni tó ń ṣàánú àbùùbùtán. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńláńlá àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló pa èyí tó sún mọ́ mílíọ̀nù 3 ní ọ̀rúndún ogún. Wọ́n rọ́pọ̀ epo rẹ̀ tán, wọ́n wá sọ fún aláìní pé kó sọ ọ̀kọ̀ rẹ̀ nù. Bí gbogbo ayé bá fẹ́ kí àbùùbùtán wà, kí gbogbo ayé dá owó ẹ̀ ni. Kí wọ́n má kó gbogbo ẹrù náà lé orí opó kan ní Lamalera.

Òkè òkun nìkan kọ́ ni mo ní lọ́kàn o. Ó kan àwa tí à ń kàwé.

Àwọn àlùfáà Àgùdà gbé ilé ìwé dé abúlé náà, àwọn ọmọ sì kàwé. Gorys Keraf, ọmọ Lamalera tí wọ́n bí ní 1936, di onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ìwé gírámà rẹ̀ ni àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ Indonéṣíà fi kọ́ èdè orílẹ̀-èdè wọn. Sonny Keraf, ọmọ abúlé yẹn kan náà, kọ́ fìlọ́sọ́fì, ó di mínísítà ọ̀rọ̀ àyíká láti 1999 sí 2001, ó tún kọ̀wé lórí ìwà tó yẹ kí ọmọ ènìyàn máa hù sí àyíká rẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Abúlé apàbùùbùtán ló bí mínísítà àyíká.

Ìbéèrè mi rèé: ọmọ tí abúlé fi ẹran gbígbẹ tọ́ títí tó fi di ọ̀mọ̀wé, ṣé òun náà kì í ṣe àbùùbùtán tí gbogbo wọn jọ fà gúnlẹ̀? Ta ló ní ìpín nínú rẹ̀?

Àwọn kan á ní kò sẹ́ni tó ní ìpín nínú ọmọ ènìyàn. Mo gbà fún wọn dé ibì kan. Ọmọ kì í ṣe ẹran, a kì í fi okùn dè é mọ́ etíkun. Bí a bá ní kí gbogbo ọmọ Lamalera padà wá di lamafa nítorí kí àṣà má kú, ìkà la ṣe yẹn. Àwa tá a fẹ́ràn àṣà gan-an la máa ń ṣe é: a jókòó nínú yàrá tó ní fáànù, a ń rọ ẹlòmíràn pé kó má pa iṣẹ́ baba rẹ̀ tì.

Ṣùgbọ́n odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ní 1978, nígbà tí Gorys Keraf fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, mofọ́lọ́jì ẹ̀ka-èdè Lamalera ló kọ iṣẹ́ rẹ̀ lé lórí. Ó lè kọ ọ́ lórí èdè tó lórúkọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ka èyí sí ìpín. Kò padà lọ fò láti iwájú ọkọ̀, àmọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló bù fún wọn.

Ṣé ó tó? Kò tó. Opó kò lè fi gírámà se ọbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Alágbẹ̀dẹ kì í san gbèsè lamafa, oníkálukú ló ń mú tirẹ̀ wá. Onímọ̀ èdè á mú èdè wá, dókítà á mú oògùn wá, ẹni tó mọ òfin á jókòó síbi tí wọ́n ti ń fi òkun pamọ́, á bèèrè ohun tí abúlé máa jẹ. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń dúró dìgbà tá a bá lówó, ká tó wá fún abúlé ní sàárà, ká ya fọ́tò sí i.

Ọjọ́ iwájú Lamalera, lójú tèmi, kò sí lọ́wọ́ iye ọmọ tó dúró tàbí iye tó lọ. Bí ìpín bá ṣì ń dé ilé ẹni tí kò lè wọkọ̀, abúlé náà wà. Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín wò: ta ló ti ní ìpín nínú ìwé tí ẹ̀ ń kà yìí kí ẹ tó kà á tán?