Gbèsè Iṣẹ́ Wà Lọ́rùn Ẹni Tó Rán Ni

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún yín, mo sì ń sọ fún ara mi, pé kí a páyà Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí wakala, èyí tí í ṣe kí ènìyàn fi ẹlòmíràn ṣe aṣojú ara rẹ̀. Ó tọ́ nínú òwò, nínú síso yìgì, nínú pípín saka àti nínú pípa ẹran iléyá. Kò tọ́ nínú ìrun wákàtí márùn-ún. Àwọn ará inú ihò tí Súrà Al-Kahf sọ ìtàn wọn fi owó fàdákà rán ọ̀kan nínú wọn lọ sí ìlú láti ra oúnjẹ, wọ́n sì là á sílẹ̀ fún un irú oúnjẹ tí yóò rà àti irú ìwà tí yóò hù lọ́hùn-ún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pààlà iṣẹ́ náà kí ó tó gbéra.

Àwọn baba wa a máa sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ànábì fún Urwa al-Bariqi ní dínárì kan pé kí ó ra àgùntàn kan wá. Ó fi owó náà ra méjì, ó ta ọ̀kan ní dínárì kan, ó sì padà dé pẹ̀lú àgùntàn àti dínárì. Al-Bukhari ló gbà á wá. Èrè náà kò wọ àpò Urwa, Ànábì sì tọrọ alubarika sórí òwò rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ń rán lọ ra ọjà, tí ẹ ń bá olùtajà dìmọ̀ kí ó kọ iye mìíràn sínú rìsíìtì, ẹ fi ara yín wé Urwa.

Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ẹjọ́ kan wà tí kì í tán nídìí àwa àlùfáà. Oníbàárà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó san owó àpò símẹ́ńtì 20 fún ọmọ iṣẹ́ tó bá nídìí ọjà, ó gba rìsíìtì, wọ́n ní kí ó wá kó o lọ́la. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ iṣẹ́ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀gá dáhùn pé: “Owó kò tẹ̀ mí lọ́wọ́, lọ wá ẹni tí o san án fún.” Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Ọ̀gá ló gbé ọmọ náà jókòó sí ìdí ọjà, òun ló fún un ní ìwé rìsíìtì, òun ló ń jẹ èrè títà rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Gbèsè símẹ́ńtì wà lọ́rùn ọ̀gá. Nígbà tó bá san án tán, ó lè wá ọmọ náà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ọmọ náà ni oníbàárà lọ bá a lóru, nítorí ẹ̀dínwó tí ọ̀gá kò gbọdọ̀ gbọ́ sí, ìyẹn yàtọ̀.

Ní ọdún 8 lẹ́yìn Hijira, lẹ́yìn ìṣẹ́gun Mẹ́kà, Ànábì rán Khalid ọmọ Walid sí ìran Banu Jadhima kí ó lọ pè wọ́n sínú Ìsìláàmù. Kò rán an lọ jagun. Wọn kò mọ bí a ṣe ń sọ pé àwọn ti gba Ìsìláàmù. Gbólóhùn tó túmọ̀ sí pé àwọn ti fi ẹ̀sìn àtijọ́ sílẹ̀ ni wọ́n lò. Khalid kò gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì pa nínú wọn. Nígbà tí ìròyìn dé, Ànábì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yọ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò nínú ohun tí Khalid ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Bí ó bá ṣe pé ọ̀gá onísímẹ́ńtì wa ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ìwé ìtàn Ànábì láti ọwọ́ Ibn Hisham sọ fún wa pé Ànábì kó owó fún Ali, ó rán an lọ bá wọn. Ali san owó ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú, ó san owó dúkìá tó bàjẹ́, títí kan igbá tí ajá fi ń mu omi. Owó ṣẹ́kù. Ó bi wọ́n bóyá ohun kan wà tí a kò tíì san. Wọ́n ní kò sí. Ó fi ìyókù náà kún un fún wọn, nítorí ohun tó lè wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ànábì sọ pé ó ṣe dáadáa. Ọwọ́ Ànábì mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, síbẹ̀ ó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí náà kò jìnnà sí èyí. Bí ẹnì kan bá ta ilẹ̀ tí ẹbí kò rán an láti tà, lójú àwọn onímọ̀ ìlànà Malik tí a ń tẹ̀lé, títà náà dúró de ìfọwọ́sí àwọn tó ni ín. Wọ́n lè gbà á, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀, tí wọ́n sì pín owó náà, wọ́n ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ẹbí tó jẹ owó ilẹ̀ tán, tó wá lọ gbé pátákó “A kò ta ilẹ̀ yìí” síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, jìbìtì ni ó ń ṣe.

Ẹni tó bá sì yọ aṣojú rẹ̀ kúrò, kí ó jẹ́ kí aṣojú náà mọ̀, kí ó sì sọ fún àwọn oníbàárà. Ìkéde ẹ̀ẹ̀kan péré lórí WhatsApp kò tó fún ìyá arúgbó tí kò ní fóònù.

Bí irú gbèsè yìí bá wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ó lọ bá ẹni tó ni owó kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.