Gbèsè Wa fún Ẹni tí Àwo Oúnjẹ Rẹ̀ Kéré

Ọ̀rọ̀ ikùn ni a gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ìwà ni ó dá lé lórí.

Ní Temple Hills níhìn-ín, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Washington, inú ilé gbígbé ni a ti ń bọ òrìṣà. A kò ní igbó, a kò sì ní ojúbọ tí ó dá dúró. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé ni ojúbọ wa. Àwọn ará ń ti Suitland, Oxon Hill àti Clinton wá bá wa. Bí a bá ti ṣe ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá tán, oúnjẹ ni ó kàn, nítorí pé ẹni tí a kò bá jẹun pọ̀, a kò tíì mọ̀ ọ́n tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí Ọ̀ṣun, jókòó sídìí oúnjẹ. Ó mu ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta, ó sì gbé àwo kalẹ̀. Ó ti rù gan-an nígbà náà, ara rẹ̀ sì ni ojú gbogbo wa wà. Ẹnìkan ní, “Ìyá, ṣé kò sí o? Ẹ ti gbẹ jù.” Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbí ẹ kò fọkàn tán ọwọ́ tí ó se ọbẹ̀ mọ́ ni?” Ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó nílé awo. Ìyá náà fa àwo mọ́ra, ó jẹ iyán títí ó fi tẹ́ wa lọ́rùn. Kò pẹ́ tí ó fi sáré lọ sí ilé ìwẹ̀, a sì ń gbọ́ bí ó ti ń bì. Ọjọ́ náà ni a tó mọ̀ pé ó ti pé oṣù márùn-ún tí àwọn dókítà ti gé púpọ̀ nínú àpòlúkù rẹ̀ kúrò nítorí àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù. Ẹnu wa ni ó ń bẹ̀rù tí kò fi sọ fún wa.

Ojú tì wá. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa ní ìbéèrè yìí: kí ni a jẹ ẹnìkejì wa ní gbèsè nígbà tí ara rẹ̀ bá yí padà, tí kò sì lè bá wa jẹun mọ́ bí ó ti máa ń ṣe?

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ohun àná. Ní 1966 ni dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa. Ní 1991, àwọn onímọ̀ péjọ sí Bethesda, ní ìhà kejì Washington sí wa, wọ́n sì là á sílẹ̀ irú ẹni tí ó yẹ kí a ṣe é fún: ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti pọ̀ ju gíga rẹ̀ lọ dé ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ tún òfin náà ṣe kí ó lè gba ènìyàn púpọ̀ sí i. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, èyí tí ó kù á sì rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lára àpòlúkù, èyí tí kò ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á sì so ìfun kékeré mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè fo apá kan ọ̀nà tí ó máa ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ṣe é kò ní lè jẹ oúnjẹ tí ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ṣáájú, kí amúaradàgbà tí ó ń wọ ara rẹ̀ lójúmọ́ lè tó 60 gíráàmù ó kéré tán. Kò gbọ́dọ̀ fi omi lé oúnjẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mu omi, nígbà tí kò bá jẹun. Bí ó bá jẹ ohun dídùn púpọ̀, àyà rẹ̀ lè máa já, òógùn lè bò ó, kí inú rẹ̀ sì dà rú. Títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni yóò máa lo fítámì B12, èròjà irin, kálísíọ̀mù àti àwọn mìíràn. Irun orí púpọ̀ nínú wọn máa ń jábọ́ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ó tó tún hù.

Níbí ni àwọn kan nínú wa ti gbé àríyànjiyàn dìde. Wọ́n ní Ọbàtálá ni ó mọ ara, Orí ni ó sì yan ìpín. Ta ni ènìyàn tí yóò fi ọ̀bẹ tún iṣẹ́ Ọbàtálá ṣe? A kò fọwọ́ rọ́ ìbéèrè náà sẹ́yìn, nítorí ọ̀wọ̀ ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ àwọn baba wa. Àwọn olóólà ń fi irin Ògún kọlà, wọ́n sì ń dákọ. Oníṣègùn ń sín gbẹ́rẹ́. A kò gbọ́ pé Ọbàtálá bínú sí wọn nítorí ìyẹn. Ara tí a mọ fún ènìyàn, ènìyàn náà ni a fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Orí rere kò sì sọ pé kí ẹlẹ́sẹ̀ má rìn. Bí àtọ̀gbẹ bá ń pa ẹnì kan lọ́jọ́ orí tí kò yẹ, tí ó sì béèrè lọ́wọ́ Ifá, tí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà, tí ó wá gbà láti dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ, ẹni náà kò kọ ìpín rẹ̀; ó ń wá ọ̀nà láti pẹ́ láyé kí ó lè mú un ṣẹ.

Àwọn mìíràn ní ọ̀nà ẹ̀bùrú ni, pé ẹni tí ó ní sùúrù ì bá gbààwẹ̀ kí ó sì máa rìn. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé. Iṣẹ́ abẹ dà bí ẹbọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹbọ kì í parí ní ọjọ́ tí a gbé e lọ sí orítà. Ìwà ọjọ́ kejì, ti ọjọ́ kẹta, àti ti ọdún kejì ni ó ń jẹ́ kí ẹbọ fín. Ọ̀bẹ ṣí ilẹ̀kùn nìkan ni; ẹni náà ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lójoojúmọ́.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé àwa gan-an ni ó yẹ kí a mọ bí a ti ń ṣe irú ìtọ́jú yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú ilé kan ṣoṣo, ẹni kan kò ní jẹ àgbò, ẹni kan kò ní jẹ àkùkọ, ọmọ Ọbàtálá kò ní fi ẹnu kan ẹmu. Alásè wa mọ èèwọ̀ gbogbo wa lórí, kò sì sí ẹni tí í sọ fún ọmọ Ọbàtálá pé, “Kàn tọ́ ọ wò díẹ̀.” Ta ni ó máa ń ní kí ẹni tí Ifá dá èèwọ̀ fún wá rojọ́ kí ó tó lè pa á mọ́? Kí ni ó wá dé tí ìyá wa fi ní láti rojọ́ nítorí ṣíbí mẹ́ta?

Ẹnìkan lè dáhùn pé èèwọ̀ Ifá ti ọ̀run wá, pé òfin dókítà ti ọ́fíìsì wá, wọn kò dọ́gba. Òótọ́ ni, wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e: ẹ̀rù òrìṣà ni ó ń ṣọ́ èèwọ̀, kò sì sí ẹ̀rù kankan tí ó ń ṣọ́ òfin dókítà. Nítorí náà, ìfẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ni yóò ṣọ́ ọ. Ibi tí ẹ̀rù kò sí ni ìfẹ́ ti ní iṣẹ́ púpọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ ọtí ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, pàápàá èyí tí wọ́n fi so ìfun mọ́ àpò kékeré, ọtí máa ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń pa ènìyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2012 fi hàn pé, láàárín àwọn tí ó ṣe irú iṣẹ́ abẹ kejì yìí, àìlèkó ara ẹni níjàánu nídìí ọtí pọ̀ sí i ní ọdún kejì. Àwa sì rèé, tí ìgò jíìnì kì í wọ́n nídìí ìbọ wa. Ẹni tí a bá gbé ife lé lọ́wọ́ níwájú Ògún, ó ṣòro fún un láti kọ̀ ọ́. Nílé wa nísinsìnyí, ẹnikẹ́ni lè ta ọtí sílẹ̀ kí ó má mu ún. Ilẹ̀ ni ó ń mu ún fún un. Ògún kò tíì bá wa jà nítorí ìyẹn.

Nísinsìnyí, kí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ gan-an? Dókítà ní iṣẹ́ tirẹ̀, olúwo náà ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ láti òkè wá. Ẹgbẹ́ ni ó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹni. Ẹni tí irun rẹ̀ ń jábọ́ ní oṣù kẹrin nílò ẹni tí tirẹ̀ ti jábọ́ rí, tí yóò sọ pé, “Àbúrò mi, fi ọkàn balẹ̀, ó ń bọ̀ wá hù.” Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí fi máa ń kó àwọn tí ó ti ṣe é jọ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé wa bá ń lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ jowú rẹ̀ pé ó ní ẹgbẹ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì ni wíwo ara ẹni lójú ẹlòmíràn. Ẹ rántí ìtàn Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ gbéra lọ mú orí nílé Àjàlá. Wọ́n jọ jáde, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá bọ̀ kò rí bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn wọ̀nyí. Ẹni méjì lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ ní oṣù kan náà. Ọ̀kan á fò bí ẹyẹ láàárín ọdún kan, èkejì á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ìwọ̀n púpọ̀ nínú wọn sì máa ń padà díẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí a bá ti ń yin ẹnì kan kìkì nítorí pé ó rù, kí ni a fẹ́ sọ fún un ní ọjọ́ tí ó bá tún sanra? Nítorí náà, a ti pinnu pé ìwà rẹ̀ ni a ó máa yìn: sùúrù rẹ̀, òtítọ́ rẹ̀, bí ó ti ń dìde rìn lówùúrọ̀. Ẹni tí ó sanra láàárín wa tí kò sì fẹ́ iṣẹ́ abẹ, a kò gbọdọ̀ fi èyí tí ó ṣe é bú u. Sísanra kì í ṣe ìwà burúkú, rírù kì í sì í ṣe ìwà rere.

Ìkíni rere kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Bí ẹnìkejì wa bá ń bì lójoojúmọ́ tí kò dúró, kí a má kàn súre fún un. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àìsí fítámì B1 lè ba ọpọlọ jẹ́ kíákíá. Bí ó bá sọ pé ayé ti sú òun, kí a má fi ṣe àwàdà. Ìbànújẹ́ máa ń bá àwọn kan nínú wọn kódà nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kí wọn kú oríire, nítorí pé oúnjẹ tí ó máa ń tù wọ́n nínú ti lọ.

Ìbéèrè tí ó le jù ni èyí: bí òun fúnra rẹ̀ bá na ọwọ́ sí ohun tí kò yẹ ńkọ́? Àwọn kan nínú wa ní kí a gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní kí a má sọ nǹkan kan, pé àgbàlagbà ni. A rò ó títí. Ẹni tí a bá ń gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa jẹun ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí a bá sì dákẹ́ fún yóò rò pé a kò rí òun. Ohun tí a gbà ni pé kí ẹnì kan tí ó sún mọ́ ọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí ó sì dúró tì í yálà ó gbọ́ tàbí kò gbọ́. Kí ìdúró náà má sinmi lórí gbígbọ́. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti yàtọ̀ sí ọlọ́pàá.

Ní ti àṣírí, awo ni wá. Ẹni tí ó ni ara ni ó ni ìtàn ara. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kiri lẹ́yìn rẹ̀, kódà láti fi ṣàdúrà fún un.

Ìyá wa ṣì ń bá wa ṣe ọ̀sẹ̀. Alásè ti ra àwo kékeré kan fún un, ẹja inú ọbẹ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ bù sí i. Àwọn méjì mìíràn ti béèrè irú àwo náà láti ìgbà yẹn, a kò sì bi wọ́n ní ìdí.

Kí Orí wa má gba àbọ̀dè. Kí Ọbàtálá tí ó mọ ara kọ́ wa bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, tiwa àti ti ẹnìkejì wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.